Ìṣirò wo gan-an ni ọmọ tó fẹ́ di dókítà ọpọlọ nílò?

Tíṣà Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní ìṣirò ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Ìgbógbó. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ti pinnu pé dókítà ọpọlọ lòun fẹ́ ṣe, kì í ṣe dókítà kan ṣáá. Bàọ́lọ́jì rẹ̀ dán mọ́rán, Kẹ́mísírì náà ò burú, àmọ́ ìṣirò ń dà á láàmú: 48 ló gbà ní táàmù tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ pé kó kúkú bọ́ sí kíláàsì Art. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé JAMB ò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka ìṣègùn, pé kó pa á tì.

Èmi mọ ìṣirò, n ò mọ ohun tí dókítà ọpọlọ ń fi í ṣe. Wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni mo ní pẹ̀lú ọmọ yìí, ó sì ku nǹkan bí ọdún kan kó jókòó ṣe WAEC. Apá ibo nínú sílábọ́ọ̀sì ni kí n tẹ̀ mọ́ jù? Ṣé calculus wúlò fún un? Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì àrùn ọpọlọ ló lọ kà, tàbí saikọ́lọ́jì, ṣé ìṣirò á dínkù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà sọ ọ́ fún mi. "Ó le" tàbí "kò le" ò ní ràn mí lọ́wọ́.

Amọ̀nà Àbáwọlé (Ṣábọ̀, Ìkòròdú)

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà kúrò ńlẹ̀.

Òótọ́ ni pé JAMB ò fi ìṣirò sí ti ìṣègùn. Iṣẹ́ mẹ́rin tó máa ṣe níbẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Àmọ́ tó bá di WAEC tàbí NECO, credit márùn-ún ni wọ́n ń wò: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. C6 ni credit tó kéré jù. Ẹni tó bá gba D7 nínú ìṣirò, kó tiẹ̀ gba 300 nínú JAMB, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tún fẹ́ kí márààrún wá láti inú ìjókòó kan ṣoṣo, torí náà kí ẹ yẹ ohun tí ilé ìwé tó wù ú ń béèrè wò lórí ìkànnì JAMB kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Ìṣirò tó sì rò pé òun sá fún ní JAMB, inú Kẹ́mísírì àti Físíìsì ló lúgọ sí: mole, pH tó jẹ́ logarithm, half-life (àkókò tí nǹkan fi ń dín sí ìdajì), ìṣirò iná. Bó bá wọlé tán, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún ọmọ ìṣègùn ní ìṣirò ní 100 level, algebra pẹ̀lú calculus díẹ̀. Ibẹ̀ náà ni calculus parí sí. Ẹ kọ́ ọ débi tí kò fi ní gbé e kiri bíi carry-over (iṣẹ́ téèyàn fìdí rẹmi tó gbọ́dọ̀ tún ṣe), kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti nọ́ọ̀sì: credit márùn-ún yẹn kan náà ni. Ti saikọ́lọ́jì: wọn kì í sábà béèrè Físíìsì, àmọ́ wọ́n máa ń fẹ́ credit ìṣirò. Kó má sì rò pé ibẹ̀ lòun ti máa bọ́ lọ́wọ́ nọ́ńbà o. Ọmọ saikọ́lọ́jì ń ka statistics ju ọmọ ìṣègùn lọ, torí àwọn ló ń ṣe àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ìrántí, òye àti ìwà, àwọn náà ló sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà hàn pé ìdánwò náà ń wọn ohun tí wọ́n ní ó ń wọ̀n. Wọn kì í kọ oògùn. Ẹni tó bá sá fún ìṣirò lọ sí saikọ́lọ́jì, ó sá fún òjò bọ́ sínú odò ni.

Bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó: ọdún 6 fún MBBS (digírì ìṣègùn), ọdún 1 housejob (iṣẹ́ dókítà tuntun lábẹ́ àwọn àgbà), ọdún 1 NYSC, lẹ́yìn náà bí ọdún 5 sí 6 fún residency (ìkọ́ṣẹ́ láti di dókítà ọpọlọ gan-an), ní irú ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi ti Yábàá, tó ti wà láti 1907, tàbí Árò ní Abẹ́òkúta.

Mátírọ́ọ̀nù Àgbádárìgì

Ẹ kú àárọ̀, tíṣà. Èmi á sọ ti ìṣirò orí tábìlì oògùn, torí òun ni àṣìṣe rẹ̀ ń wọ ara èèyàn tààrà.

Ìlà kan ni gbogbo rẹ̀: iye tí dókítà kọ, ẹ pín in sí iye tó wà nínú ìgò, ẹ wá fi omi inú ìgò náà lọ́po. Abẹ́rẹ́ haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ, máa ń wá ní 5 mg nínú 1 ml. Bí dókítà bá kọ 2.5 mg, 2.5 ÷ 5 × 1 = 0.5 ml. Fluphenazine decanoate, abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára, tí a ń gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 5 síra wọn, 25 mg ló wà nínú 1 ml tiẹ̀. 12.5 mg á jẹ́ 0.5 ml, 37.5 mg á jẹ́ 1.5 ml. Ọmọ JSS lè ṣe é. Kí ló wá dé tí àgbà fi ń ṣì í?

Pọ́íǹtì ló ń ṣekú pani. Ẹnì kan á kọ "5.0 mg", pọ́íǹtì á bọ́ sórí ìlà ìwé, ẹni tó ń kà á á rí 50. Ẹlòmíì á kọ ".5", pọ́íǹtì á pa rẹ́, á di 5. Ìlọ́po mẹ́wàá ni àṣìṣe méjèèjì. Abẹ́rẹ́ fluphenazine yìí sì jẹ́ olóròóró. Tó bá ti wọ inú ẹran ara, kò sí ẹni tó lè fà á jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni yóò fi máa yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ọrùn aláìsàn á máa fà, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ kọ́ ọmọ náà láti ìsinsìnyí: òdo máa ń ṣíwájú pọ́íǹtì (0.5), òdo kì í tẹ̀ lé e (5, kì í ṣe 5.0).

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ọ ni ìfojúdíwọ̀n kó tó fọwọ́ kan kakulétọ̀. Ṣé ohun tí mo fẹ́ fà yìí á ju ìgò kan lọ, àbí kò ní tó? Bí ìdáhùn bá sọ pé kéèyàn fọ́ ìgò mẹ́rin fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró, kó padà lọ wo ìwé. Kakulétọ̀ ò mọ̀ pé èèyàn ló wà lórí ibùsùn.

Omi dírípù náà wà níbẹ̀. Aláìsàn tó kọ oúnjẹ, tó kọ omi, a máa ń gbé omi sí i lára. 500 ml ní wákàtí 4, tí okùn dírípù náà bá ń ṣe 20 ẹ̀kán nínú 1 ml: 500 × 20 ÷ 240 = 41.7, ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á fi 4 pín in dípò 240, torí wọ́n gbàgbé láti sọ wákàtí di ìṣẹ́jú.

Kíka hóró oògùn dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ wo èyí. Haloperidol oníhóró 5 mg, dókítà kọ 7.5 mg lálaalẹ́, ọ̀sẹ̀ 6 ni aláìsàn á padà wá. Hóró kan ààbọ̀ × 42 = 63. Bí wọ́n bá kó 60 fún un torí ó "sún mọ́ ọn", oògùn alẹ́ méjì ti di àwátì. Ẹni tó ti Àgbádárìgì wọkọ̀ lọ Yábàá kò ní tìtorí alẹ́ méjì padà lọ. Á sùn láìlò ó, ìgbà míì á kúkú fi ìyókù náà sílẹ̀.

Oníṣègùn Ọpọlọ (Ìkòròdú)

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ tó gba 48 ní SS2 kò tíì pàdánù ohunkóhun. Dókítà ọpọlọ kì í jókòó yanjú equation ní kíliníìkì. Ohun tó ń ṣe láràárọ̀ ni kó fi iye kan wé iye míì, kó sì máa béèrè pé, "nínú èèyàn mélòó?" Ìbéèrè kékeré yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi kọ́ ọ. Màá fi ọ̀kan hàn yín tinútẹ̀yìn.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí a ń pè ní PHQ-9, tí a fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìbéèrè 9 ni, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, nítorí náà 27 ni òkè rẹ̀. Ìlà tí a máa ń fà ni 10: ẹni tó bá gba 10 sókè, a óò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbé ìwé náà jáde ní 2001, ìlà 10 yìí mú 88 nínú 100 àwọn tó ní àrùn náà, ó sì fi 88 nínú 100 àwọn tí kò ní in sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ 88 á ní ó ti dájú.

Ó yá, ká gbé e lọ sí ọjà, ká fún èèyàn 1,000. Ká ní 50 nínú wọn ló ní àrùn náà lóòótọ́. 88% nínú 50 jẹ́ 44, ó mú wọn. Ó ku 950 tí kò ní in. Ìwé náà á ṣì mú 12% nínú wọn, ìyẹn 114. Gbogbo ẹni tó mú wá jẹ́ 44 + 114 = 158. Àwọn tó ní in nínú 158 yẹn kò ju 44 lọ, bí 28%. Ẹni 7 nínú ẹni 10 tí ìwé náà nàka sí, kò ní àrùn náà rárá.

Ẹ gbé ìwé kan náà wá sí kíliníìkì wa, níbi tó jẹ́ pé ìdààmú ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Ká ní 400 ló ní in nínú 1,000. Ó mú 352. Nínú 600 tó kù, ó ṣèèṣì mú 72. 352 nínú 424 jẹ́ 83%. Ìwé ò yí padà, 88 ò yí padà, ibi tí a gbé e lọ ló yàtọ̀. Dókítà tí èyí ò bá yé á máa kọ oògùn fún àwọn 114 yẹn, á sì máa sọ fún wọn pé àìsàn wà lára wọn.

Conditional probability ni ẹ̀yin ń pe èyí. Ẹ má fi fọ́múlà kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó ya ẹgbẹ̀rún èèyàn, kó pín wọn sí méjì, kó tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kó wá kà wọ́n. Ẹni tó bá ti kà á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kì í gbàgbé.

Ohun kan wà nípa ìwé yẹn tí àròpọ̀ kò lè sọ fúnni. Ìbéèrè kẹsàn-án ni ti ẹni tó ń rò pé kóun kú. Aláìsàn lè ní 8 péré lápapọ̀, tí 3 nínú rẹ̀ sì wà lórí kẹsàn-án yẹn. 8 kò tó ìlà. Àmọ́ ẹni náà ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé a bá a sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó kan lithium, oògùn àwọn tí inú wọn ń gòkè ń sọ̀kalẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n: 0.6 sí 1.0 mmol/L ni a sábà ń fẹ́, tó bá ti kọjá 1.5, májèlé ti bẹ̀rẹ̀. Bí aláìsàn bá ń lo 800 mg lálẹ́, tí ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.5, tí a fẹ́ 0.75: 800 × 0.75 ÷ 0.5 = 1,200 mg. Ratio lásán ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀jẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fà ní wákàtí 12 lẹ́yìn tó lo oògùn kẹ́yìn. Bí a bá fà á ní wákàtí 4, nọ́ńbà á ga lórí irọ́, a ó sì dín oògùn tó yẹ ká fi kún. Lẹ́yìn tí a bá yí oògùn padà, ọjọ́ 5 sí 7 ni a ń dúró ká tó tún fà á. Kí ló dé? Half-life lithium jẹ́ bíi wákàtí 24 lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Lójoojúmọ́ ni àlàfo tó kù láti dé ibi tó ń lọ ń dín sí ìdajì: 1/2, 1/4, 1/8, 1/16, 1/32. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ku 3% péré. Bí ọmọ náà bá mọ indices, ó ti mọ ìdí tí a kì í fi í kánjú. Ratio yẹn kò sì ní dúró bí kíndìnrín bá yí padà, bí aláìsàn bá ń gbuuru tàbí tó bì títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ, tàbí tó lọ ra ibuprofen ní kẹ́míìsì fún ẹ̀yìn dídùn. Ibuprofen máa ń ti lithium sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà, 1,200 tó bá ìṣirò mu lè di èyí tó ń gbé èèyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Ohun tó kẹ́yìn, tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A máa ń ní kí aláìsàn máa yọ 7 kúrò nínú 100, ká fi wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń dúró lójú kan: 93, 86, 79, 72, 65. Dókítà gan-an gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lórí, kó má máa wo fóònù. Tó bá wá jẹ́ Yorùbá ni a fi béèrè, ẹ gbọ́ bó ṣe rí: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, mọ́kàndínlọ́gọ́rin, méjìléláàádọ́rin, márùndínláàádọ́rin. Kí ẹnu tó lè pe 86, orí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ 4 kúrò nínú 90. Kó tó pe 65, á yọ 5 kúrò nínú 70. Ìyọkúrò kan ni a ní kó ṣe, méjì ló ń ṣe. Bó bá lọ́ra níbi mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ ètò ìkàwé èdè wa ló ń bá fà á, kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí kò lọ ilé ìwé, owó ni ká fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ pé ẹja ₦3,700, oníbàárà mú ₦5,000 wá, ṣẹ́ńjì jẹ́ eélòó? Bó bá ní ₦1,300 kí ẹ tó pa ẹnu dé, tó sì kùnà ti 7 yẹn, ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè wa ni kò bá a mu.

Rẹ́jísírà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi ti sọ ti kíliníìkì. Rẹ́jísírà ni mí, dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́. Mo fẹ́ fi ti ìwádìí kún un, torí kò sí bí èèyàn á ṣe di kọ́ńsọ́tántì (dókítà àgbà) nílẹ̀ yìí láìkọ ìwé ìwádìí tirẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni iye èèyàn tó fẹ́ yẹ̀ wò. Fọ́múlà tí a sábà ń lò ni n = Z²pq ÷ d². Z jẹ́ 1.96 (nọ́ńbà tí a fi ń sọ pé ó dá wa lójú ní 95%). p ni ìdá àwọn tó ní ohun tó ń wá, láti inú ìwádìí tó ti wà nílẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé jáde ní 2006 rí i pé 12.1% nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ló ti ní irú àìlera ọpọlọ kan rí láyé wọn. p jẹ́ 0.121, q jẹ́ 0.879 (ìyẹn 1 − p), d jẹ́ 0.05 (àṣìṣe tí a lè fara mọ́). 3.8416 × 0.1064 ÷ 0.0025 jẹ́ 163.4, à ń kọ ọ́ sí 164, torí a kì í ka ìdá èèyàn. Bó bá rò pé ẹni 1 nínú 10 lè má dáhùn, 164 ÷ 0.9 = 183. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí wọ́n fi 12.1 sí p dípò 0.121, kí ìdáhùn wá di nọ́ńbà tí kò lójú tí kò nímú. Ìkejì ni kí wọ́n fi 10% kún 164 kó di 180 ó lé díẹ̀. Bí ìdá mẹ́wàá bá yọ kúrò nínú ìyẹn, kò ní pé 164 mọ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù, pẹ̀lú ètò ìṣirò bíi SPSS tàbí R. Àmọ́ kọ̀ǹpútà á ṣe ohun tí kò tọ́ fún yín láìjanpata. Ẹ wo ọjọ́ tí aláìsàn 10 lò ní wọ́ọ̀dù: 9 nínú wọn lo ọjọ́ 14, ẹnì kan ṣoṣo lo 374. Mean jẹ́ (126 + 374) ÷ 10 = 50. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó lo 50 tàbí ohun tó jọ ọ́. Median, ti ẹni tó wà láàárín gan-an, jẹ́ 14. Ẹni tó bá fi 50 ṣe ètò ibùsùn ti tan ìjọba jẹ. Chi-square náà, ìṣirò tí a fi ń wò bóyá ìyàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì jẹ́ òótọ́: bí iye tí à ń retí nínú àpótí kan bá kéré ju 5 lọ, Fisher's exact, ìṣirò míì fún iye kékeré, ló yẹ kó lò.

Èyí tó ṣe mí lọ́kàn jù ni bí a ṣe ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àkójọ ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí àwọn tó ní schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí): láàárín ọdún kan, àìsàn padà sí 27 lára nínú 100 àwọn tó dúró lórí oògùn, ó padà sí 64 lára nínú 100 àwọn tó gba oògùn òfìfo (hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀). 64 − 27 = 37. 100 ÷ 37 jẹ́ 2.7, ká pè é ní 3. Ìyẹn ni pé nínú èèyàn 3 tó bá dúró lórí oògùn fún ọdún kan, ẹnì 1 bọ́ lọ́wọ́ ìpadàbọ̀ àìsàn tí ì bá ti bá a. Mọ̀lẹ́bí gbọ́ èyí yékéyéké. Àmọ́ bí ẹnì kan bá sọ pé oògùn tuntun "dín ewu kù sí ìdajì", kí ọmọ yín béèrè pé ìdajì kí ni? Láti 64 sí 32 jẹ́ ìdajì. Láti 2 nínú 1,000 sí 1 nínú 1,000, ìdajì náà ni, àmọ́ èèyàn 1,000 ló máa lo oògùn kí ẹnì kan tó jàǹfààní.

Bó bá wá ń ronú ìdánwò àwọn dókítà ọpọlọ ní Ìlú Ọba lọ́jọ́ iwájú, bí ìdá kan nínú mẹ́ta Paper B, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìdánwò náà, ló dá lórí irú nǹkan wọ̀nyí.

Apòògùn (Ìkòròdú)

Méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un.

Clozapine: oògùn tó dára gan-an fún ẹni tí oògùn míì ò ràn, àmọ́ ó lè pa ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ run. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Láàbù á kọ WBC (iye gbogbo ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀) 3.2 àti neutrophil (irú kan lára wọn) 45%. Ojú tí kò mọ ìṣirò á rí 45%, á ní ó wà láàárín 40 sí 70, kò séwu. Ẹ fi wọ́n lọ́po: 3.2 × 0.45 = 1.44. Ìlà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lò láti dá oògùn náà dúró fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlú Ọba ni 1.5. Ìdá ọgọ́rùn-ún fi nǹkan pa mọ́ síbẹ̀. Kí ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ni neutrophil wa kéré láti ìbí wá láìjẹ́ àìsàn, nítorí náà ìlà tiwa rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lo ìlà àwọn aláwọ̀ funfun fún wa láìbéèrè á gba oògùn gidi lọ́wọ́ ẹni tó nílò rẹ̀.

Square root náà wúlò. Àwọn oògùn kan máa ń fa iná ọkàn gùn. Ká ní QT (bí iná náà ṣe pẹ́ tó nínú ìlù kan) lórí ìwé ECG (ìwé tó ń ya iná ọkàn) jẹ́ 360 millisecond, ọkàn ń lù lẹ́ẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan. 60 ÷ 100 = 0.6, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá láàárín ìlù kan sí èkejì. Square root 0.6 jẹ́ 0.775. 360 ÷ 0.775 = 465, ó ti kọjá 450 tí a ń wò fún ọkùnrin. Bí ọkàn bá ń sáré jù, fọ́múlà yìí máa ń ga ju òótọ́ lọ, torí náà ká tún un wò nígbà tí ọkàn bá rọlẹ̀.

Tíṣà Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi èyí tó jẹ mọ́ saikọ́lọ́jì han bàbá rẹ̀, ó ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ Art. Ìbéèrè kan ló kù: ìdá, ratio àti logarithm ni ọmọ náà ń kọsẹ̀ sí jù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ gbá mú?

Oníṣègùn Ọpọlọ (Ìkòròdú)

Ìdá àti ratio, kí ẹ lo oṣù méjì gbáko lórí wọn, pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún àti ìyípadà òṣùwọ̀n (g, mg, microgram; wákàtí sí ìṣẹ́jú). Ìdí ni pé ẹni tí ìdá ò yé, probability ò lè yé e. Lẹ́yìn náà, standard form àti indices, kí logarithm tẹ̀ lé wọn; pH inú Kẹ́mísírì ló ń béèrè é, lẹ́yìn 200 level kò ní fọwọ́ ṣe é mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, statistics àti probability, ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́ta, ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn bí àwọn ilé ìwé ṣe máa ń ṣe. Circle theorem, bearing àti construction, ẹ kọ́ ọ débi tí á fi rí máàkì gbà. Wọn ò ní bá a dé wọ́ọ̀dù.

Tíṣà Ìgbógbó (Ìkòròdú)

Mo ti kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bá mi wò ó:

1. Fluphenazine decanoate 25 mg nínú 1 ml. Dókítà kọ 18.75 mg. Ìdáhùn: .75 ml.

2. Haloperidol 5 mg oníhóró, 7.5 mg lálaalẹ́, ọ̀sẹ̀ 4. Ìdáhùn: hóró 42.

3. Ìdánwò kan mú 90 nínú 100 ẹni tó ní àrùn, ó sì fi 90 nínú 100 ẹni tí kò ní in sílẹ̀. Nínú èèyàn 1,000, 20 ló ní in. Ẹni mélòó ni ìdánwò mú, mélòó nínú wọn ló ní in? Ìdáhùn: 116 ló mú, 18 ló ní in.

Mátírọ́ọ̀nù Àgbádárìgì

Ìkẹta dára gan-an, tíṣà. Àkọ́kọ́, ẹ kọ 0.75 ml. Bí òdo ò bá ṣíwájú pọ́íǹtì nínú ìwé tíṣà, kò ní ṣíwájú rẹ̀ nínú ìwé ọmọ. Ìkejì, ẹ fi kún un pé ọjọ́ tó yẹ kó padà wá bọ́ sí ọlidé, kíliníìkì sún un síwájú ní ọjọ́ 3. Hóró mélòó ni ká kó fún un? Ọjọ́ 31 × 1.5 jẹ́ 46.5, nítorí náà 47 ni ká kà sínú ike rẹ̀.